Yunifásítì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ẹgbẹ́dá

Orúkọ méjì ni Hamdalah ń jẹ́. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn, Hamdalah ọmọ Múdàṣírù káfíńtà ni. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹgbẹ́dá, Dókítà Charity Coleman ni, olùdámọ̀ràn àgbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Crownhaven, ní Amẹ́ríkà. Hamdalah kò dé Amẹ́ríkà rí. Ìlọrin ló jìnnà jù nínú ibi tó ti dé, níbi tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Yunifásítì náà pàápàá kò sí ní Amẹ́ríkà. Kò sí níbì kankan, àfi nínú kọ̀m̀pútà méje, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti ẹnu àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá tó jókòó sínú yàrá kan.

Kò sẹ́ni tí wọ́n bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ni Hamdalah láti kékeré. Múdàṣírù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ta ẹ̀rọ ìfági kan ṣoṣo tó ní kó tó lè san owó ọdún àṣekágbá ọmọ náà ní pólì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ló fi ń fá igi. Nígbà tí Hamdalah ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Ọdún méjì àbọ̀ ló fi wá a. Ní Ìkẹjà, wọ́n ní àwọn kì í gba ọmọ pólì, yunifásítì làwọn ń fẹ́. Ní Ìsọlọ̀, wọ́n ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá kan ní Ìyànà-Ìpájà ka ìwé rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní ó dára gan-an, ó wá ní kó wá bá òun jẹun alẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kí àwọn lè jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ni Hamdalah fi rìn láti ibẹ̀ dé Ẹgbẹ́dá. Kò mọ̀ pé òun ń rìn.

Ní Ẹgbẹ́dá ló ti pàdé Happiness, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ sin ìlú ní Ìlọrin. Ara Happiness ń dán. Ó ra mínírà tútù fún un, ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó wá bi í léèrè pé:

“Ṣé o lè fimú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó?”

Hamdalah fimú sọ ọ́. Àtikékeré ló ti máa ń sín àwọn tó ń ka ìròyìn jẹ.

“Ọlọ́run mi o!” Happiness pàtẹ́wọ́. “Wọ́n á gbà ẹ́, jàre. Òní yìí gan-an ni wọ́n á gbà ẹ́.”

Wọ́n sì gbà á lọ́jọ́ náà.

Richard lorúkọ ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó ti fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri yàrá náà yíká, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fèrè ọkọ̀ má baà wọlé, nítorí kò yẹ kí ẹni tó ń bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ máa gbọ́ ẹni tó ń ké “Ìkòtún, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” Ẹni tó bá ṣèèṣì sọ Yorùbá lórí fóònù, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ló sọ fún àwọn tuntun. “Ìwé kọ́ là ń tà níbí. Ìwé wo? Bébà ni bébà. Ẹni tó bá pè yín, ìtìjú kan wà tó ń lé e kiri. Ẹ fara balẹ̀, ẹ wá ibi tó fi pamọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ fìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbéka kúrò.”

Hamdalah mọ ìtìjú. Ó ti bá a gbé fún ọdún méjì àbọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi já fáfá ju àwọn tó bá níbẹ̀ lọ. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti ra ẹ̀rọ ìfági tuntun fún bàbá rẹ̀, èyí tó ń lo iná. Ó sọ fún un pé iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn wá ọ̀nà àtikàwé ní òkè òkun lòun ń bá ṣiṣẹ́. Múdàṣírù gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Oṣù kejì ọdún, bí ọyẹ́ ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zacchaeus pè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tíṣà, tí wọ́n máa ń fọ gbólóhùn mọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde.

“Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ṣé ẹni tó ti dàgbà bíi tèmi ṣì lè wọlé? Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí.”

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ti ń kọ́ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Ìgàndó fún ọdún méjìlélógún, ó sì ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ibẹ̀ fún mẹ́sàn-án nínú wọn. Ìyá tó dá iléèwé náà sílẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gorí àga. Ọmọ náà pe gbogbo olùkọ́ jọ, ó ní bí sáà yìí bá ti parí, ẹni tí kò bá ní dìgírì kò lè ṣe ọ̀gá àgbà mọ́ lọ́dọ̀ òun. Ọ̀gá àgbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. N.C.E. ló ní.

“Àwọn wo ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́?” Hamdalah bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

“Gbogbo wọn, mà. Àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú.”

Hamdalah ti rí i. Ó fìka tẹ̀ ẹ́.

“Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, nítorí irú yín ni wọ́n ṣe dá Crownhaven sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ni. Àwa máa ń fi dìgírì san án. Ìbéèrè mẹ́wàá péré lẹ máa dáhùn. Ẹ ò wá ní máa gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́.”

Àwọn oníbàárà yòókù máa ń parí ìdánwò náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Zacchaeus fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe tirẹ̀. Ó fi gègé kọ ọ́ sórí fúlúskáàpù mẹ́rìnlá, ó fa ìlà pupa sétí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Kò sẹ́ni tó ń ka ìdánwò ní Crownhaven. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà gbóná, fóònù ò dún púpọ̀, Hamdalah bá ka ojú ewé kan. Níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń sọ nípa ọmọ kan tí gbogbo ayé ti pè ní olódo, tí òun fi ìdérí ìgò kọ́ ní ìṣirò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ fún odidi sáà kan. Ọmọ náà ti di ẹni tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe báyìí. Hamdalah kà á tán, ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Zacchaeus pé: “Ẹ kú oríire. Ẹ gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.”

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀bẹ̀ pé, jọ̀wọ́, ìbéèrè wo lòun kùnà, kí òun lè tún un kà.

Nígbà tó wá kan àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí, ọwọ́ Hamdalah dúró lórí kọ̀m̀pútà. Ìjẹ̀gùn ni. Òpópónà kẹta sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó fa Happiness wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́.

“Ṣé ó mọ̀ ẹ́ ni?” Happiness béèrè.

“Rárá.”

“Ìwọ ńkọ́, o mọ̀ ọ́n?”

“N ò mọ̀ ọ́n.”

“Kí wá ni wàhálà ẹ? Àbí o fẹ́ kó jẹ́ àwọn tí ò sí ní àdúgbò yín nìkan ló máa ra ọjà? Jọ̀ọ́, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ lo omi.”

Zacchaeus ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìkàrẹ́, ó sanwó. Ìwé náà kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nínú ẹ̀rọ. Ó dùn ún wò: bébà tó nípọn bí awọ, òǹtẹ̀ aláwọ̀ góòlù, ìbuwọ́lùwé olórí yunifásítì tí Richard fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó lè dà bí ohun tó la òkun kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e fún ọlọ́kadà kan, ó sì gbé e láti Ẹgbẹ́dá dé Ìjẹ̀gùn láàárín wákàtí kan.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Hamdalah gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ iléèwé. Lórí tábìlì iṣẹ́, láàárín èérún igi, ìwé ẹ̀rí Crownhaven wà níbẹ̀. Múdàṣírù ń wọn férémù fún un.

“Hamdalah, wá wo nǹkan!” Inú bàbá náà dùn bí ẹni pé òun ló gba ìwé ọ̀hún. “Tíṣà wa ti gba dìgírì láti Amẹ́ríkà. Ní Ìjẹ̀gùn ńbí ni wọ́n jókòó sí o, tí wọ́n fi kà á! Tíṣà, ọmọ mi rèé. Òun náà lọ pólì.”

Hamdalah kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohùn jáde lẹ́nu òun. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá fi lanu pẹ́nrẹ́n, ọkùnrin náà yóò mọ̀ ọ́n.

“Ó ń tijú,” Zacchaeus wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ mi, pólì dáa, àmọ́ má dúró síbẹ̀. Wò mí, ní ọjọ́ orí mi yìí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dókítà Charity. Èèyàn gidi ni. Matilda ìyàwó mi kì í gbàdúrà àárọ̀ kó má dárúkọ rẹ̀. Dúró, jẹ́ kí n fún ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀.”

Ó yọ gègé láti àpò àyà, ó kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kékeré, ó kọ ọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ̀wé sójú pátákó. Hamdalah fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nọ́ńbà fóònù tó wà lórí tábìlì òun fúnra rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ni.

Múdàṣírù kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ó ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ àdúgbò níwèé, Ọlọ́hun ló ń sanwó rẹ̀.

Iléèwé gba ìwé náà. Ọmọ olóògbé tó dá iléèwé sílẹ̀ bọ tíṣà lọ́wọ́ níwájú àwọn olùkọ́, wọ́n gbé férémù kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, òun àti Matilda sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi fọ́tò ìdúpẹ́ náà ránṣẹ́ sí Dókítà Charity. Hamdalah wò ó, ó pa á rẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, Richard pe Hamdalah sí ọ́fíìsì, ó ń yẹ orúkọ àwọn oníbàárà àtijọ́ wò. Bí ọsàn ló máa ń sọ̀rọ̀ wọn: tibí ti gbẹ, tọ̀hún ṣì lómi.

“Tíṣà Ìgàndó yìí ńkọ́? Ṣé ó ti gbẹ?”

Hamdalah lè sọ pé ó ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wá owó yàrá tirẹ̀ tó fẹ́ gbà ní Ìgàndó, ẹni tó bá sì mú oníbàárà àtijọ́ mẹ́ta padà wá sanwó lóṣù náà ni Richard ti ní yóò di igbákejì òun.

“Ó ṣì lómi, sà.”

Ó pe Zacchaeus, ó ní ìwé rẹ̀ kò tíì ní òǹtẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni sì lè kọ̀ ọ́. Zacchaeus yáwó, ó san án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó tún pè é. Ó ní ìjọba ti ń yẹ ìwé àwọn ará Áfíríkà wò, pé bí kò bá san owó ìforúkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára àwọn tí wọn yóò fi ṣọwọ́ sí ọlọ́pàá.

“Dókítà, mo ṣe ìdánwò mi,” ọkùnrin náà wí. “Ẹ̀yin náà mọ̀. Mi ò jí ìwé ẹnikẹ́ni wò.”

“Mo mọ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín jà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni.”

Zacchaeus rò pé òun ti fọwọ́ bo fóònù. Yorùbá ló ń sọ báyìí, sí ìyàwó rẹ̀. “Matilda, kí ló kù tá a fẹ́ tà?” Lẹ́yìn náà ni ẹkún. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Ẹkún àgbàlagbà ọkùnrin ni, tó ń gbé e mì bí oògùn kíkorò.

“Ẹ má sunkún, Bàbá Káyọ̀dé,” ni ìyàwó ń wí. “Olúwa ò ní jẹ́ kójú tì wá.”

“Àmín” ti dé ọ̀nà ọ̀fun Hamdalah. Ó fi eyín dè é mọ́lẹ̀. Richard dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun náà fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, ó ń gbọ́. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sórí bébà tó wà níwájú ọmọbìnrin náà pé: *Kò tíì gbẹ.*

Wọ́n ta fìríìjì. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí Matilda fi ń jẹun. Ìdajì owó náà ni wọ́n rí san.

Ojú sì wá padà tì wọ́n. Àbúrò ọmọ olóògbé yẹn dé láti Amẹ́ríkà lóṣù keje, ó yà ní iléèwé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí férémù lára ògiri. Ó ka orúkọ yunifásítì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá a, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti pe Zacchaeus wọlé, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ mẹ́rin tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rù kò ba ọkùnrin náà. Ó ti rí ibi tí ààbò rẹ̀ wà.

“Ẹ jẹ́ kí n pe yunifásítì,” ló wí. “Ẹ ó fi etí ara yín gbọ́ ọ.”

Ní Ẹgbẹ́dá, Hamdalah gbé fóònù. Richard ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Dókítà Charity, ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni, Zacchaeus. Ọ̀gá mi wà níbí, gbogbo wọn ló ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ yín ni mí. Ẹ bá mi sọ máàkì mi fún wọn.”

Richard fìka fa ọ̀nà ọ̀fun. Òfin rẹ̀ ni: ẹni tó bá gbé etí kẹta wá sórí fóònù, a ò mọ̀ ọ́n rí.

Hamdalah wo ìka náà. Ó gbọ́ èémí àwọn tó ń dúró ní Ìgàndó. Ọ̀rọ̀ tó lè gba ọkùnrin náà là kò ju gbólóhùn méjì lọ.

“Ẹ má bínú, sà,” ló fimú wí. “Mo ti wo àkọsílẹ̀ wa, a ò ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ yín tí orúkọ wa wà lára rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é.”

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Zacchaeus, ó ti kéré, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga.

“Dókítà… ìdérí ìgò. Mo kọ nípa ìdérí ìgò fún yín. Ẹ ní mo gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.”

Hamdalah pa fóònù náà. Richard fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì dídín àti adìẹ fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀sùn àyédèrú ìwé ni wọ́n fi mú Zacchaeus. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní àtìmọ́lé kí pásítọ̀ rẹ̀ tó rí ọ̀nà gbà á sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ́ eyín iwájú rẹ̀ kan. Ọmọ olóògbé fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wasáàpù àwọn òbí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Àwọn tí ọkùnrin náà ń kọ́ lẹ́sìnnì nílé ní kó má wá mọ́. Tó bá ń kọjá lọ́nà, àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní a-b-d á máa pariwo lé e lórí pé “Dókítà Àyédèrú!” Òun kì í bojú wẹ̀yìn. Ó kàn máa ń yára ẹsẹ̀ díẹ̀.

Inú bí Múdàṣírù. Hamdalah kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn onílé àdúgbò jọ, kí wọ́n dáwó, kí wọ́n gba lọ́yà fún tíṣà, kí wọ́n wá àwọn oníjìbìtì náà kàn.

“Ẹni tó lè ṣe irú èyí sí ọmọlúwàbí,” ló wí ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, “ẹranko ló bí i. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kó rí bá a ṣe ń…”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Dókítà Charity. Èmi ni.”

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó fẹ́ kó gbá òun létí. Ó ti gbé etí sílẹ̀ de ìgbájú. Múdàṣírù kò gbá a. Ó yíjú sí ẹ̀rọ ìfági tó ń lo iná, ó wò ó pẹ́.

“Ta ló tún mọ̀?” ló béèrè.

“Kò sẹ́nì kankan ládùúgbò.”

“Kó má sí o.”

Ó tan ẹ̀rọ náà, ó gbé pákó lé e lórí. Ariwo rẹ̀ kún gbogbo ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ lọ́yà mọ́. Nígbà tí àwọn onílé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ìpàdé, ohun tó sọ ni pé ká sòótọ́, tíṣà náà lẹ́jọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Àgbàlagbà tó fẹ́ gba dìgírì láìwọ kíláàsì, kí ló rò pé òun ń rà? Àwọn onílé mi orí. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí kò ná wọn ní nǹkan kan.

Nígbà tí owó ilé pé tí kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi san án, Zacchaeus àti Matilda kó lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ìyàwó ní Àgbàdo. Múdàṣírù ní kí Hamdalah lọ bá wọn kẹ́rù, kí àwọn ará àdúgbò má baà wí pé àwọn ò yọjú. Hamdalah àti Matilda ló jọ gbé àpótí ìwé sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti fẹ̀ fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ tí wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ni Hamdalah ti ń yẹra fún un, kó má baà dá ohùn òun mọ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò mọ ohun tó ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó sì la ẹnu.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tún un ṣe.”

Ó dúró. Ó ń wo ojú ọkùnrin náà. Ohunkóhun kò yí padà níbẹ̀. Ohùn ọmọ Ìjẹ̀gùn kan ni, tó ń kí àgbà.

“Àmín, ọmọ mi. Ọmọ káfíńtà ni ẹ́, àbí?” Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Nọ́ńbà tí mo fún ẹ níjọ́sí. Ṣé o pe obìnrin yẹn?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé òótọ́ ni? O ò pè é?”

“N ò pè é, sà.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. “A dúpẹ́. Má pè é o, jọ̀ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ fún ẹ. Àtìgbà tí mo ti jáde ní àtìmọ́lé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.”

Ó wọ ọkọ̀. Matilda juwọ́ sí Hamdalah, wọ́n lọ.

Crownhaven kò sí mọ́. Kí ọdún náà tó parí, Richard ti yí orúkọ padà, ó ti kó àwọn kọ̀m̀pútà àti fóòmù lọ sí ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Command. Yunifásítì tuntun náà, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ní ó wà. Hamdalah ni igbákejì rẹ̀. Ó ti gba yàrá ní Ìgàndó, ó sì máa ń lọ kí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa igi àti iye tí wọ́n ń tà á.

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun níṣẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ọmọ kékeré kan tí ẹnu ṣì ń yà sí gbogbo ohun tó ń gbọ́.

“Àǹtí, tí kọ́sítọ́mà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ńkọ́? Ṣé ká pa fóònù?”

“Rárá o,” Hamdalah dá a lóhùn. “Jẹ́ kó sunkún ẹ̀ tán. Ẹni tó ń sunkún ṣì wà lórí fóònù.”